Ìtumọ̀ "Iná Ti Lọ": Èdè àti Ààbò Nídìí Tiransifọ́mà Àdúgbò

Ìfáárà

Ní Ilé-Ogbó, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire nítòsí Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn méjì ni ènìyàn sábà máa ń lò fún ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná: "iná ti dé" àti "iná ti lọ". Orúkọ àwọn tí ó ń pín iná ti yí padà léraléra. ECN ni ìjọba dá sílẹ̀ ní 1950. NEPA dé ní 1972, PHCN sì gba ipò rẹ̀ ní 2005. Láti oṣù Kọkànlá 2013 ni pípín iná ní agbègbè Ọ̀ṣun ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Síbẹ̀, "Nẹ́pà" kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. "Iná ti lọ" ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi ojú sí, nítorí pé ó fi iná wé àlejò tí ó ti kúrò nílé pátápátá. Ẹni tí ó bá gba àfiwé náà gbọ́ nídìí tiransifọ́mà lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i.

(Àwọn kan ń pe tiransifọ́mà ní "ẹ̀rọ amúnáwá", ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ń pe jẹnẹrétọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ààbò, kò dára kí ẹ̀rọ méjì jẹ́ orúkọ kan. Nítorí náà, tiransifọ́mà ni a lò níhìn-ín.)

Iṣẹ́ tí tiransifọ́mà ń ṣe

Iná tí ó ń gba orí òpó wọ àdúgbò sábà máa ń jẹ́ 11,000 fóòtì tàbí 33,000. Èyí tí ilé ń lò kò ju nǹkan bí 230 sí 240 lọ. Nínú àgbá irin tiransifọ́mà, a wé oríṣi wáyà méjì mọ́ irin tí a tò pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, a sì rì wọ́n sínú epo tí ó ń mú kí wọ́n tutù, tí kì í sì í jẹ́ kí iná fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Wáyà méjèèjì kò kan ara wọn. Agbára òòfà ni ó ń gbé iná láti ara ọ̀kan sí èkejì.

Òòfà yìí kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ó ti ń sọ 11,000 di 240, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè sọ 240 di 11,000. Bí onílé kan bá tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láìyọ ilé kúrò lára wáyà àdúgbò, iná rẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ wọ tiransifọ́mà, kí ó sì yọ lókè, lórí wáyà tí gbogbo ènìyàn ti sọ pé iná ti lọ níbẹ̀. Lóòótọ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré sábà máa ń kú nítorí ẹrù ilé àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ̀mí òṣìṣẹ́ tí ó wà lórí òpó sinmi lé fíríìjì aládùúgbò.

Gbígbé e kalẹ̀

Ewu ti wà kí iná tó wọ inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ará ibẹ̀ ni ó ń dá owó ra tiransifọ́mà, nígbà mìíràn aṣòfin ni ó ń fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbé e dé máa ń dà bí ọjọ́ ọdún: àwọn ọ̀dọ́ a mú okùn àti igi wá, bí ẹni fẹ́ ti ọkọ̀ tí ó rì sínú ẹrẹ̀. Ìfẹ́ ìlú ni, ṣùgbọ́n èyí tí ó jẹ́ 500 KVA máa ń wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ dáadáa, a sì ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí irin tí ó wà lára rẹ̀. Kéréènì tí agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbé e. Ìkọ́ tí a ṣe sí i fún gbígbé ni kí a fi okùn kọ́, kì í ṣe àwọn tánganran orí rẹ̀ tí wáyà ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìyẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó ń tú ooru dànù. Ìyẹ́ tí ó bá tẹ̀ lè máa jo epo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. Òòró ni kí ó wà lójú ọ̀nà.

Orí kọnkéré tí ó ga ju ibi tí àgbàrá ń dé lọ ni a ń gbé e kà, pẹ̀lú ọgbà àti ilẹ̀kùn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ yí i ká. Epo inú rẹ̀ kì í ṣe fún dídín àkàrà tàbí fífi pa ara. Nínú àwọn tiransifọ́mà àtijọ́ mìíràn ni èròjà olóró tí a ń pè ní PCB wà, èyí tí àdéhùn Stockholm ti 2001 kà léèwọ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 2001, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2004.

Kí wọ́n tó fún un ní iná, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ megger dán wáyà inú rẹ̀ wò, kí ó sì rí i pé wáyà tí ó so ó mọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NEMSA ni òfin yàn láti yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ayẹyẹ ìṣíde tí wọ́n ti fi ọjọ́ rẹ̀ síwèé ìpè kò tó ìdí láti fo èyí.

Èdè tí ó yẹ

Àwọn òṣìṣẹ́ iná ní Jámánì ní òfin márùn-ún tí wọ́n ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà. Yorùbá rọrùn láti fi sọ wọ́n: gé e, tì í pa kí ẹlòmíràn má baà tàn án, dán an wò, so ó mọ́lẹ̀, bo èyí tí iná ṣì wà lára rẹ̀ nítòsí. Kò sí "iná ti lọ" nínú wọn. Gbogbo wọn jẹ́ ohun tí ènìyàn ṣe, tí a sì lè béèrè pé ta ni ó ṣe é.

Olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni lè lo èyí láti kọ́ni ní ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀ àti aláìgbàbọ̀. Kí ó kọ "iná ti lọ" àti "wọ́n ti gé iná" sójú pátákó, kí ó sì ní kí kíláàsì wá olùwà gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, iná fúnra rẹ̀ ni ó lọ, nítorí náà ó lè padà nígbàkúgbà tí ó bá wù ú. Nínú ti èkejì, ẹnì kan ni ó gé e. Lẹ́yìn náà, kí ó bi wọ́n léèrè èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ kí bàbá wọn tó gun òpó.