Àpótí Ìmọ̀: Bí a ṣe ń kọ Los Angeles nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1781, abẹ́ ìjọba Sípéènì ni wọ́n ti tẹ Los Angeles dó ní Kalifọ́níà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "Àwọn Áńgẹ́lì". "Los" ti ń ṣe iṣẹ́ "the" ní èdè Sípéènì. Nítorí náà:

• Má fi "the" síwájú orúkọ ìlú náà: "I live in Los Angeles." Ṣùgbọ́n "the Los Angeles River" tọ́, nítorí pé odò ni "the" yẹn ń tọ́ka sí.

• Ìlú kan ṣoṣo ni, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pọ̀. "Los Angeles is big" ló tọ́. "Are" kò tọ́.

• Má gé "Los" kúrò. Nínú àtòjọ orúkọ, abẹ́ lẹ́tà L ni kí o to ìlú náà sí.

Òfin yìí kan náà ló de Las Vegas àti El Paso. Havana yàtọ̀: La Habana ni àwọn ará Kúbà ń kọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti yọ "La" kúrò.

Ẹni tó bá kọ orúkọ ìlú onílùú bó ṣe yẹ ti bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ni ín.