Ẹjọ́ tí ó ń Dúró de Ẹlẹ́wọ̀n Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ ìtúsílẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀ fún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n. Ẹlòmíràn a di ẹrù rẹ̀ tán, àwọn ará ilé rẹ̀ a sì ti dúró níta, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mìíràn ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọ́dà. Ẹ̀sùn àtijọ́ tí a kò tíì gbọ́ ni ó ń fa èyí.

Ìpínlẹ̀ 50 ni ó wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òfin, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ìpínlẹ̀ kan bá gbọ́ pé ẹni tí òun ń wá wà ní ẹ̀wọ̀n níbòmíràn, a fi ìwé ìdádúró ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni náà lọ láìjẹ́ pé òun gbọ́. Ìpalára ìwé yìí kò kéré. A sábà máa ń ṣọ́ ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ lójú méjèèjì. A lè fi iṣẹ́ ìta dù ú, ìtúsílẹ̀ ṣáájú àsìkò sì lè fò ó dá. Láàrín àkókò náà àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń kú, àwọn mìíràn ń ṣí kúrò nílùú, àwọn tí ó kù sì ń gbàgbé. Adájọ́ ìbá sì lè pàṣẹ pé kí ẹ̀wọ̀n méjèèjì máa lọ pọ̀, ṣùgbọ́n bí èkínní bá ti parí kí a tó gbọ́ ẹjọ́ kejì, ààyè náà ti bọ́.

Ní 1960 a fi ẹ̀sùn olè kan ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Texas, nígbà tí ó ń ṣe ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Leavenworth, ní Kansas. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun. Èsì tí ó rí gbà ni pé kí ó dá ọjọ́ tí òun lè wá, wọn yóò sì gbọ́ ọ láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹni pé ẹlẹ́wọ̀n ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ọdún mẹ́fà ni ó fi ń kọ̀wé lẹ́yìn náà. Ní 1969 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé ojúṣe Texas ni láti fi tọkàntọkàn sapá kí a lè mú un wá sí ilé ẹjọ́, àti pé wíwà tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n níbòmíràn kì í ṣe àwáwí.

Kí ìdájọ́ yìí tó jáde, àwọn ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn dá májẹ̀mú kan tí a kọ ní 1956. Ìpínlẹ̀ 48 ni ó wà nínú rẹ̀ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ wọlé ní 1970. Louisiana àti Mississippi kò sí níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí májẹ̀mú náà, ọ̀gá ọgbà gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ẹlẹ́wọ̀n pé ìwé ìdádúró ti dé, kí ó sì sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí a gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá béèrè, ọ̀gá yóò kọ iye ẹ̀wọ̀n rẹ̀, iye tí ó ti ṣe àti iye tí ó kù, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà onírẹ́jísítà sí agbẹjọ́rò ìjọba àti ilé ẹjọ́. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 180 ni wọ́n ní láti gbọ́ ẹjọ́ náà, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì láti sún un síwájú. Bí ọjọ́ bá kọjá láìsí ìdí, ẹ̀sùn náà di òfo. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá sá lẹ́yìn tí ó ti béèrè, ìbéèrè rẹ̀ ni yóò di òfo.

Ọjọ́ wo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà? Ẹlẹ́wọ̀n kan ní Indiana fi ìbéèrè rẹ̀ lé àwọn aláṣẹ ọgbà lọ́wọ́. Ọjọ́ 196 lẹ́yìn náà ni Michigan tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á láti ọjọ́ tí agbẹjọ́rò ìjọba gba ìwé náà, ọjọ́ 177 péré ni. Ní 1993 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fara mọ́ kíkà kejì. Ìwé tí ó bá sùn lórí tábìlì nínú ọgbà, ọjọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń jẹ. Nítorí náà ni ó fi dára kí ẹlẹ́wọ̀n tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀, kí ó sì béèrè fún rìsíìtì pósítọ́fíìsì.

Májẹ̀mú yìí kò kan ohun gbogbo. Bí ìpínlẹ̀ kan bá ní àṣẹ láti mú ènìyàn ṣùgbọ́n tí kò fi ìwé ìdádúró ránṣẹ́ sí ọgbà, kíkà ọjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà tàbí ará ilé ni yóò lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ níbi tí ẹlẹ́wọ̀n ti gbé rí. Ẹjọ́ tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà, òfin ìpínlẹ̀ ni yóò ṣe é: ọjọ́ 90 ni California fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn Yorùbá tí ó ní ará ní Amẹ́ríkà sì ní láti mọ̀ pé ìwé ìdádúró tí àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú bá fi sílẹ̀, nítorí àìní ìwé ìgbélùú, kò sí lábẹ́ májẹ̀mú yìí rárá. Lọ́yà tí ó mọ òfin ìwọ̀lú ni a ń wá fún èyí, kí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ tó pé.