A Kan Bàálù, A Kò Ṣẹ̀dá Rẹ̀

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn wa lásìkò yìí, ó sì ti ń ràn mọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́: "Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ló kọ́kọ́ ṣẹ̀dá bàálù." Ní Ìlọrin níbí, bí èèyàn bá dárúkọ Aṣẹ̀dá, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni. Ìmáàmù ń pè É bẹ́ẹ̀ lórí mímbárì, pásítọ̀ ń pè É bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀dá ni ohun tó ti ọwọ́ Rẹ̀ wá: èèyàn, ẹranko, igi, òkúta. Igi tí àwọn ará Wright gé ni Ó ṣẹ̀dá. Bàálù tí wọ́n fi igi náà ṣe ńkọ́? Wọ́n kàn án ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ fún oríṣiríṣi iṣẹ́ ọwọ́ tí bàálù gbà kó tó fò, ó sì dùn mí bí a ṣe ń gbá gbogbo wọn sínú "ṣẹ̀dá" kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "kàn". Àwọn baba wa mọ ọ̀nà méjì tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wáyé. Bí a bá gé ìtì igi kan ṣoṣo, tí a yọ inú rẹ̀ títí ó fi di ọkọ̀, a gbẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Bí a bá to pákó mọ́ pákó, tí a fi ìṣó dì í mú, a kan ọkọ̀ nìyẹn. Bàálù tí Orville Wright gùn ní Kitty Hawk lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903 jẹ́ ti kíkàn. Igi spruce tó fúyẹ́ tó sì gún régé ni wọ́n fi ṣe àwọn ibi tó nà tààrà, wọ́n sì fi igi ash ṣe ibi tó gbọ́dọ̀ tẹ̀. Láti ṣóńṣó apá ọ̀tún dé ṣóńṣó apá òsì, ó lé díẹ̀ ní mítà 12. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 275 lọ kí ẹni tó máa wà á tó gorí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré ló lò lókè nígbà àkọ́kọ́, kò sì fò ju mítà 37 lọ.

Ibí yìí ni àmì ohùn ti ń ṣi ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lọ́nà. "Kàn" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní: kíkàn, wọ́n kàn án. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n kan bàálù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "dà" àti "kùn" àti "lù" àti "tò" tí a ó bá pàdé níwájú. Ẹni tó bá kọ "kàn ọkọ̀" tàbí "dà irin" sínú ìwé ìròyìn kọ ohun tí ẹnu Yorùbá kankan kì í sọ. Etí lè gbọ́ ọ bí a bá kà á sókè.

Gbogbo bàálù náà kọ́ ni kíkàn, ṣá o. Abẹ̀bẹ̀ méjèèjì tó ń tì í síwájú, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ wọn. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó spruce mọ́ra, wọ́n wá fi àáké kékeré àti ọ̀bẹ ìfági gbẹ́ ẹ títí ó fi ní ìrísí tí wọ́n ń fẹ́. Irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ gùn tó mítà méjì ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Charlie Taylor tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní Dayton ló ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ara ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ álúmíníọ̀mù, nílé iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ irin ni wọ́n ti dà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò sọ pé wọ́n "rọ" ọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń finá ewìrì mú irin rọ̀, tó ń fi òòlù lù ú, ó ń rọ irin. Ẹni tó yọ́ ọ tán tó sì tú u sínú ohun tí a ti gbẹ́ sílẹ̀ dè é, ó da irin. Iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni, àwọn tó ń ṣe wọ́n kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì.

Ó tún ku aṣọ. Aṣọ òwú funfun ni wọ́n rán bo apá bàálù yẹn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ sí i, àwọn tó ń ṣe bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà kan sórí aṣọ náà. Bí ọ̀dà yẹn bá ti ń gbẹ ni aṣọ á máa sún kì, tí á le kankan bí awọ ìlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yá sóòrùn. Láìsí ọ̀dà yẹn, aṣọ á máa jò, á máa fẹ́ lẹ̀lẹ̀, atẹ́gùn kò sì ní í gbé e dáadáa. Aránṣọ àti akùnọ̀dà wà lára àwọn tó ń ṣe bàálù láyé ìgbà náà, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rán aṣọ ọ̀hún ní ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní. Èmi rò pé ó yẹ ká máa dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ká má fi "ṣẹ̀dá" bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé bàálù onígi yìí jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Ní ọdún 1925, bàálù mẹ́ta ti ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì gbéra láti Káírò, Arthur Coningham ló ṣáájú wọn, wọ́n sì fò dé Kánò. Irú bàálù tí wọ́n ń pè ní DH.9A ni: egungun rẹ̀ jẹ́ igi, aṣọ ló bo ara rẹ̀, wáyà ló so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ní agbára ẹṣin 400. Nígbà tó di ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàálù kó lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kánò, lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n sì nà án dé Èkó. Bàálù DH.86 tí wọ́n lò ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, síbẹ̀ igi ni. Bàálù tí àwọn bàbá bàbá wa kọ́kọ́ gbójú sókè wò, ohun tí káfíńtà kàn ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà bá ohun náà mu wẹ́kú.

Àwọn Gàmbàrí tí wọ́n jọ ń gbé Ìlọrin pẹ̀lú wa pè é ní "jirgin sama", ọkọ̀ ojú sánmà. Àwa náà pè é ní ọkọ̀ òfúrufú. Èdè méjèèjì rí ọkọ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n ríran dáadáa.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ apá. Mo ń rí i tí àwọn kan ń kọ "ìyẹ́ bàálù". Ìyẹ́ ni ohun tí a ń tu lára adìẹ kó tó wọ ìkòkò. Apá ni ẹyẹ fi ń fò, òwe sì ti sọ ọ́: ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bàálù kò ní ìyẹ́, apá ló ní. Àṣìṣe kejì tó jọ èyí ni "bàálù alápá méjì" tí wọ́n fi ń pe àwọn bàálù àtijọ́ tó ní apá lókè àti nísàlẹ̀. Bàálù wo ni kò ní apá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì? Ẹ jẹ́ ká pè é ní alápá onípele méjì. Èyí tí Louis Blériot fi kọjá òkun tó wà láàárín Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909 jẹ́ alápá onípele kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 37 ló sì gbà á.

Apá yìí kan náà ló fún wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí n kò fẹ́ kó sọnù: "lọ́". Ìṣòro tó pa Otto Lilienthal ará Jámánì lọ́dún 1896 ni pé ó ń fi ara rẹ̀ ju síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ohun tó ń gùn má baà ṣubú. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn borí rẹ̀, ó já bọ́. Ní ọdún 1899, Wilbur Wright di páálí gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń kó túùbù kẹ̀kẹ́ mú ní ìkángun méjèèjì, ó sì lọ́ ọ. Ó rí i pé bí apá bàálù bá ṣeé lọ́ báyìí, tí ti ọ̀tún dojú kọ òkè díẹ̀, tí ti òsì dojú kọ ilẹ̀, bàálù á lè tẹ̀ sí ibi tí awakọ̀ bá fẹ́. Wọ́n fi wáyà lọ́ apá fún ọdún mélòó kan, kí àwọn mìíràn, bíi Henry Farman ní Faransé, tó máa fi pẹpẹ kékeré tó ń ṣí sókè sódò sí etí apá. Títí dòní, etí apá la fi ń darí bàálù.

Ibi tí Wilbur ti lọ́ páálí yẹn ni a ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ "hùmọ̀" túmọ̀ sí gan-an. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹnì kan "ya àwòrán bàálù" nígbà tó jẹ́ pé òun ló rò ó jinlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán yíyà kò ju ìparí iṣẹ́ náà lọ. Ní ọdún 1901, àwọn Wright kan àpótí kan tí gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ dín ní mítà méjì, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀, wọ́n sì dán nǹkan bí igba ìrísí apá wò nínú rẹ̀, ní kékeré-kékeré, láti mọ èyí tí atẹ́gùn máa gbé jù. Wọ́n hùmọ̀ bàálù kí wọ́n tó kàn án. Ìhùmọ̀ ni ká máa pe iṣẹ́ yẹn.

Irin wá dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1915, Hugo Junkers gbé bàálù kan jáde ní Jámánì tí igi àti aṣọ kò sí lára rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, iná ni wọ́n sì fi jó o pọ̀. Àwọn ará Jámánì sọ ọ́ ní "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onípáànù". Ó lè sáré, àmọ́ ó wúwo, ó sì ń lọ́ra láti gòkè. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì mìíràn, Alfred Wilm, ti rí ojútùú náà ní ọdún 1906, láì tíì mọ ibi tí yóò bá bàálù dé. Ó po bàbà díẹ̀ mọ́ álúmíníọ̀mù, ó mú un gbóná, ó mú un tutù lójijì, ó wá gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó bá a tó ti le fúnra rẹ̀. Duralumin lorúkọ rẹ̀. Òun ni Junkers fi ṣe F 13 ní ọdún 1919, bàálù èrò mẹ́rin, tí ara rẹ̀ ní ìlà gegele-kòtò bíi ti páànù orí ilé, nítorí pé páànù oníkòtò kì í tètè tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ló wá tọ́ sí irú bàálù bẹ́ẹ̀? Ti ọdún 1915 jẹ́ ti jíjó: wẹ́dà lóde Ìlọrin ń jó irin pọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n duralumin kì í fẹ́ iná tó pọ̀, ó máa ń ba líle rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà wọ́n lu ihò sí i, wọ́n ki ìṣó kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n sì lu ìdí ìṣó náà pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣó ti padà, "kàn" sì padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá wọ bàálù lónìí, ẹ wo ara apá rẹ̀ láti ojú fèrèsé: ẹ ó rí orí ìṣó wọ̀nyẹn lójú ìlà.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìrìn bàálù ní kíákíá. Bàálù tó gbé àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà láti pápákọ̀ òfúrufú Tunde Ìdíàgbọn ní Ìlọrin níbí, ó gbéra. Tó bá dé Jẹ́dà, ó balẹ̀. "Gúnlẹ̀" tún dára, ó ti èbúté wá, kò sì ṣẹ̀. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, tí awakọ̀ sì rọra darí wá sínú oko láìsí ẹni tó fara pa, kí ìròyìn máa sọ pé ó "já". Okùn ló ń já. Ohun tó kúrò lókè láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀ ni a ń sọ pé ó já bọ́. Ẹni tó darí rẹ̀ wálẹ̀, ó fipá balẹ̀ ni, iyì iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìbéèrè kan ń wá lemọ́lemọ́ láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí, pàápàá níwọ̀n ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfúrufú ti wà nílùú wa: kí ni ká sọ nípa Air Beetle, bàálù kékeré tí ilé iṣẹ́ AIEP gbé jáde ní Kàdúná fún ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú wa? Láti ara bàálù RV-6A ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un, ẹni tó ra RV-6A sì máa ń gba ẹ̀yà rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí á máa fúnra rẹ̀ so wọ́n pọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni "tò". Wọ́n to bàálù ní Kàdúná. Wọ́n tò ó. Níbi tí wọ́n bá ti yí ìrísí rẹ̀ padà kó lè bá iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun wa mu, ẹ lè fi "hùmọ̀" kún un, ó tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá sì fi pákó, aṣọ àti gọ́ọ̀mù ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: ó kan bàálù.