Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Bí Àbùdá àti Ipò Ṣe Ń Fún Èròjà XML Nítumọ̀

Kíláàsì: SS 2
Ẹ̀kọ́: Kọ̀ǹpútà
Ohun èlò: Fáìlì máàpù Ojúẹlẹ́gbà láti OpenStreetMap

Ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá
Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé XML, tí àjọ W3C fọwọ́ sí lọ́dún 1998, gbà kí oníṣẹ́ sọ èròjà rẹ̀ lórúkọ tó wù ú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Orúkọ díẹ̀, nǹkan púpọ̀
Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2004. Èròjà mẹ́ta péré ló gbé gbogbo máàpù náà ró: *node* ni ojúkò kan, *way* ni ìlà tó so ojúkò pọ̀, *relation* ló ń kó wọn jọ. Kò sí èròjà afárá, kò sí ti ọjà. Inú *tag* la ti ń mọ ohun tí wọ́n jẹ́: àbùdá `k` ń sọ irú àpèjúwe, àbùdá `v` ń sọ iye rẹ̀. Kọ èyí sójú pátákó lábẹ́ *node*:

`<tag k="highway" v="bus_stop"/>`
`<tag k="name:yo" v="Ojúẹlẹ́gbà"/>`

Ibi tí èrò ti ń dúró de dánfó nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ipò
Gbé `highway` kan náà sábẹ́ *way*, kí `v` jẹ́ `primary`: ó di títì. Bí ó bá jẹ́ afárá, tí a sì kọ `bridge="yes"`, kò tọ̀nà, nítorí `bridge` gbọ́dọ̀ wà nínú `k`, kí `yes` wà nínú `v`. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń ṣì í, ẹ tẹnu mọ́ ọn.

Ìlà tó yí po lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. *Tag* ni yóò sọ.

Ibi tó jinlẹ̀ jù ni *relation*. Níbi tí a kò ti gbọdọ̀ yà sósì, títì tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ gba `role="from"`, èyí tí kò gbọdọ̀ yà sí gba `role="to"`. Nínú *relation* mìíràn, títì àkọ́kọ́ yẹn lè di `to`. Títì náà kò yí padà rárá, ipò rẹ̀ ló yí padà.

Èrò olùkọ́
Ètò èròjà mẹ́ta àti *tag* yìí dára. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè Red Line tó gba Yaba àti Mushin kọjá lọ́dún 2024, kò sẹ́ni tó nílò èròjà tuntun. `railway` àti `station` ti tó. Àmọ́ bí ẹnì kan bá kọ `higway`, XML kò ní ké. Ìrísí nìkan ló ń yẹ̀ wò. Àfi kí àwọn tó ń lò ó fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Kọ *tag* fún nǹkan mẹ́ta ládùúgbò rẹ. Kí o tó kọ `name:yo`, bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè, kí o sì fi àmì ohùn sí i pé.