Ogún Kì í Ṣe Ti Ìdí Igi

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ogún.

Lẹ́yìn ogun Uhudu, ìyàwó Sa'd ọmọ Rabī' mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá bá Ànábì. Sa'd ti kú sójú ogun náà, arákùnrin rẹ̀ sì ti kó gbogbo dúkìá rẹ̀. Nígbà tí āyah ogún sọ̀kalẹ̀, Ànábì ránṣẹ́ sí arákùnrin olóògbé náà pé kí ó fún àwọn ọmọ náà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ó fún ìyá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kí ó sì mú èyí tí ó kù. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Èkó níbí, Súbérù Dáwódù kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1962 wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni a ó fi pín in, kì í ṣe orí-ò-jorí. (Dáwódù kan náà ni a ń pe àkọ́bí ọkùnrin tí í máa ń di ilé bàbá mú!) Orúkọ mùsùlùmí ni Súbérù; àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n fi pín ogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e wá sí Ayọ̀bọ̀. Kí á ní baálé kan kú, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó méjì, ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin mẹ́rin. Ìyálé bí ọmọkùnrin kan. Ìyàwó bí mẹ́fà yòókù. Dúkìá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà. Bí a bá fi ìdí igi pín in, ọmọ ìyálé yóò gba mílíọ̀nù 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fà yóò gba mílíọ̀nù méjì péré, ìyá olóògbé àti àwọn opó kò sì ní rí nǹkan kan.

Suratun-Nisā'i, āyah 11 àti 12, kò pín in bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ jẹ́ ti àwọn opó: mílíọ̀nù mẹ́ta, kí wọ́n pín in dọ́gba. Ìdá kan nínú mẹ́fà jẹ́ ti ìyá: mílíọ̀nù mẹ́rin. Mílíọ̀nù 17 ni ó kù fún àwọn ọmọ, ọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì obìnrin: mílíọ̀nù 3.4 fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 1.7 fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìyá tí ó bí wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé ọmọbìnrin ti lọ sí ilé ọkọ, nítorí náà kò ní ìpín, olè ni ó ń jà.

Kí a tó pín, a ó kọ́kọ́ yọ owó ìsìnkú, a ó san gbèsè, ti kọ̀pọ́réétìfù àti sàdáákì tí kò tíì san fún ìyàwó pẹ̀lú. Owó tí ìyàwó fi ra búlọ́ọ̀kù sí ilé náà, tí kì í ṣe ẹ̀bùn, tirẹ̀ ni. Kì í ṣe ogún. Owó fìdáù ọjọ́ kẹjọ kò sí nínú ohun tí a ń yọ. Ẹni tí ó bá pa màlúù láti inú ìpín ọmọ òrukàn, kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ. Lẹ́yìn èyí ni wàsíyà, tí kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, tí kì í sì í ṣe fún ẹni tí yóò jogún. Ọmọ tí ó ti di Kristẹni kì í jogún bàbá mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bàbá lè fi wàsíyà rántí rẹ̀.

Ilé kan ṣoṣo ńkọ́, tí ó jẹ́ gbogbo ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní? A kò ní fi ayùn rẹ́ ẹ. Ẹnìkan nínú wọn lè san owó ìpín àwọn yòókù, tàbí kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n pín owó ilé. Bí owó ilé bá jẹ́ 240,000 náírà lóṣù, 15,000 jẹ́ ti opó kọ̀ọ̀kan, 40,000 ti ìyá, 34,000 ti ọmọkùnrin, 17,000 ti ọmọbìnrin. Kí olúkúlùkù wa kọ wàsíyà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ó sọ nínú rẹ̀ pé òfin Ìsìlámù ni kí a fi pín ogún òun, kí ó sì fi ibi tí rìsíìtì ilẹ̀ wà han ìyàwó àti àwọn ọmọ.