Èdè-Ìperí fún Ibùdó Ìṣàkíyèsí Ojú-Ọjọ́ Inú Ọgbà Ilé

1. Ìfáárà

Ohun èlò tí a fi ń ṣàkíyèsí ojú-ọjọ́ nínú ọgbà ilé kò pọ̀. Èdè tí a ó fi kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ni ó gba àròjinlẹ̀, nítorí pé méjì nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni ó pọ́n-na. Àkọ́kọ́ ni tutù: nínú "omi tutù", òdì-kejì gbígbóná ni, nínú "ilẹ̀ tutù", òdì-kejì gbígbẹ ni. Èkejì ni afẹ́fẹ́, tí ó dúró fún ohun tí à ń mí sínú àti ohun tí ń fẹ́ lu ewé.

Lásìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ a máa tutù, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ a gbẹ débi pé ètè ń là. Bí a bá pe ohun èlò kan ní "òṣùwọ̀n ìtutù", akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èwo ni ó ń wọ̀n. Nítorí náà, ìgbóná àti ọ̀rinrin ni a ó lò níhìn-ín ní ipò ìtutù. Afẹ́fẹ́ yóò jẹ́ èyí tí à ń mí, ẹ̀fúùfù yóò sì jẹ́ èyí tí ń fẹ́.

2. Òṣùwọ̀n òjò

Igo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé, tí a gbé àrọ lé lẹ́nu kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ, ti tó. Bí ẹnu àrọ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí inú igo sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, àyè ẹnu àrọ jẹ́ ìlọ́po 4 ti igo, kì í ṣe ìlọ́po 2. Omi tí ó ga ní mìlímítà 20 nínú igo jẹ́ òjò mìlímítà 5. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ omi lítà 1.

Bí ògiri tí ó wà nítòsí bá ga ní mítà 3, kí òṣùwọ̀n jìnnà sí i tó mítà 6, ó kéré tán. Wákàtí kan náà ni kí a máa kà á, kí a sì dà á nù, ní àràárọ̀.

3. Àpótí ìbòòji

Thomas Stevenson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Skọ́tílándì, ni ó gbé irú àpótí yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Funfun ni a ń kùn ún. Pákó pẹlẹbẹ tí a tò ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá kí oòrùn má sì wọ ibẹ̀. Òṣùwọ̀n ìgbóná inú rẹ̀ a máa ga tó mítà 1.25 sí mítà 2 sílẹ̀.

Àríwá ni àwọn ará Yúróòpù ń dojú ìlẹ̀kùn rẹ̀ kọ. Àṣẹ yẹn kò bá Ìbàdàn mu tán, nítorí pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ẹẹ́rin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹẹ́sàn-án, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán wà. Ìlẹ̀kùn méjì ni ó yẹ, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, kí a máa ṣí èyí tí ó kẹ̀yìn sí oòrùn.

Òṣùwọ̀n méjì ni yóò wà nínú rẹ̀: olórí-gbígbẹ, àti olórí-rírin tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ń fa omi wé lórí. "Olórí-tútù" ìbá tún dá ìpọ́n-na sílẹ̀. Bí omi ara aṣọ ṣe ń gbẹ, ó ń gba ìgbóná lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni ìyàtọ̀ òṣùwọ̀n méjèèjì yóò ṣe pọ̀ tó: ó pọ̀ nígbà ọyẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lẹ́yìn òjò ńlá.

4. Atọ́ka ẹ̀fúùfù

Orí atọ́ka yìí ń kọjú sí ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tí ó ń lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀fúùfù àríwá-ìlà-oòrùn ni ó ń gbé ọyẹ́ wá láti aṣálẹ̀. Ẹ̀fúùfù gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni ó ń gbé ọ̀rinrin òjò wá láti òkun.

5. Ìkádìí

Bí àgbẹ̀ kan bá kọ "ó tutù" sínú ìwé rẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ tí yóò kà á lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ̀ bóyá òtútù mú ni tàbí ilẹ̀ rin. Bí ó bá kọ ìgbóná sọ́tọ̀, tí ó kọ ọ̀rinrin sọ́tọ̀, tí ó sì fi iye wọn sí i, ọmọ náà yóò lè fi ọdún kan wé òmíràn kí ó tó gbin àgbàdo rẹ̀.