Kí Wọ́n Má Baà Pín Ilẹ̀ Méfíbóṣẹ́tì

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn obìnrin. Ibi kíkà: 2 Sámúẹ́lì 4:4, orí 9, 16:1-4, 19:24-30.

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àwọn ológun tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara, àti owó tí ìjọba ń san fún wọn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin létí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tó kù fún ọkọ? Ta ni ó ń wá ohun tí wọn yóò jẹ nígbà tí owó oṣù kò bá wọlé? Àwa náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣí Bíbélì wa. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Méfíbóṣẹ́tì nígbà tí ìròyìn ikú Jónátánì baba rẹ̀ àti ti Sọ́ọ̀lù baba ńlá rẹ̀ dé láti ojú ogun. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ, ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ogun ni ó sọ ọ́ di arọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé idà rí. Nígbà tí Dáfídì jọba, ó wá a kàn ní Lódébárì, ó dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì pàṣẹ fún Síbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ogún ìránṣẹ́, pé kí wọ́n máa ro ilẹ̀ náà fún un.

Ibí yìí ni a sábà máa ń pa Bíbélì dé sí, nítorí pé ibẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí a ṣí i síwájú. Ní orí kẹrìndínlógún, Dáfídì ń sá fún Ábúsálómù. Síbà pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àkàrà, èso àti wáìnì, ó sì sọ fún un pé ọ̀gá òun dúró sí Jerúsálẹ́mù, ó ń retí kí ìjọba bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ọba kò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lójú kan náà ni ó fi gbogbo ilẹ̀ arọ náà fún Síbà. Nígbà tí ọba padà dé, Méfíbóṣẹ́tì wá pàdé rẹ̀, kò gé irùngbọ̀n, kò fọ aṣọ láti ọjọ́ tí ọba ti jáde lọ. Ó ṣàlàyé pé òun fẹ́ di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì kí òun lè bá ọba lọ, nítorí pé arọ ni òun, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ òun tan òun jẹ. Kí ni ọba sọ? Ó ní kí òun àti Síbà pín ilẹ̀ náà.

Ìdajì lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ kan hàn lọ́wọ́ arọ náà. Ẹni tí ó lè rìn ni ó lọ síwájú ọba lọ sọ̀rọ̀ ní ipò ẹni tí kò lè rìn. Méfíbóṣẹ́tì ní kí Síbà tilẹ̀ kó gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọba ti padà ní àlàáfíà. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni èyí, a kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ kan tí ń jẹ́ Míkà, gẹ́gẹ́ bí orí kẹsàn-án ti sọ, kò sì sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ yẹn.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti Òsì dé Ọbbò àti Erùkù, láti Ìlọ́fà dé Odò-Ọwá àti Ìdòfin, a mọ àwọn tí ó lọ sójú ogun. Àwọn àgbà ìgbà kan lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1944, àwọn ará abúlé kan sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, Làìbéríà láti 1990, Sàró, àti ìhà ìlà-oòrùn àríwá ní àkókò tiwa yìí.

A ní bàbá kan nínú ọ̀kan nínú àwọn ìjọ wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ogun abẹ́lé ni ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni ó fi ń fi ọ̀pá méjì wá sí ilé ìsìn, nígbà tí ó yá a kò rí i mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wa, ní ara bàbá kò le. A lọ kí i, a gbàdúrà, a padà sílé. Ó tó oṣù mélòó kan kí arábìnrin kan tó béèrè pé, "Ìyá, ṣé owó bàbá ń wọlé?" Ìyá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó ń wọlé, ó ti dín kù ni. Ìjọba ti gé e."

Ìjọba kò gé e. Ọmọ wọn tí ń bẹ ní Ìlọrin ni káàdì ATM wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ń wọ̀. Ó ti yá owó fi kan páànù sílé bàbá, ó sì ń yọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Síbà náà ro ilẹ̀, kí a má parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bàbá ti dá oògùn kan dúró nítorí pé owó rẹ̀ kò ká a mọ́, kò sì ní pa á nínú rò pé ọmọ òun ni.

A wá ọkọ̀, a gbé bàbá fúnra rẹ̀ lọ sí báńkì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí ó tò sórí ìlà bí ẹni gbogbo. Arábìnrin wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó rántí pé òfin wà tí ó de fífi ìyàtọ̀ bá àwọn aláàbọ̀ ara lò, òfin ti ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Òfin náà sọ pé ibi tí ìlà bá wà, aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n dá a lóhùn láìjẹ́ pé ó tò. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, wọ́n sì gbé àga fún bàbá wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ òfin yìí sórí.

Kò tán síbẹ̀. Orúkọ tí ó wà nínú ìwé ológun bàbá kò bá ti báńkì mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí pé abẹ́ Apá Àríwá ni ilẹ̀ wa wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1967, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ológun ìhà ibẹ̀ pé kí wọ́n fi orúkọ ìlú ẹni ṣe orúkọ ìdílé. Orúkọ ìlú ni bàbá fi wọṣẹ́ ológun, orúkọ baba rẹ̀ ni ìjọ àti àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí, òun náà ni ó fi gba nọ́ńbà BVN. A lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a lọ kí ó tó yanjú. Nọ́ńbà fóònù ìyá ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọ̀ báyìí, ọmọ àti bàbá sì ti jọ sọ iye tí wọn yóò máa san lórí páànù lóṣooṣù. Ìyẹn tọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọkọ, baba tàbí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ológun tí ó farapa lọ wo àpótí ìwé rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀ bí? Ìwé tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ológun kọ nípa ìpalára rẹ̀ ń kọ́? Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé òun ni ó fi hàn pé iṣẹ́ ni ó pa á lára. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ilé kan náà, nítorí ikán àti òjò. Nígbà tí wọ́n bá pe àwọn tí ń gba owó fún àyẹ̀wò, ẹ má fi í ṣeré. Ẹni tí kò bá fojú hàn, wọ́n lè rò pé ó ti kú. Bí kò bá lè dìde, ẹ kọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Military Pensions Board ní Àbújá ni ó ń san owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun. Láti 2011 ni òfin ti yọ wọ́n kúrò nínú ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣàn. Ẹni tí ó bá ń wá sílé yín pé òun yóò fi orúkọ bàbá sí irú ètò bẹ́ẹ̀, tàbí pé kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà BVN kí owó lè pọ̀ sí i, olè ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò dùn létí. Bí ológun bá kú, kí a sọ ọ́. Àwọn tí ń gba owó òkú wà, àwọn ni wọ́n ń mú kí àyẹ̀wò le mọ́ àwọn arọ tí ó wà láàyè.

Kì í sì í ṣe ilé nìkan ni owó ti ń dín kù. Ní oṣù kejìlá 2024, àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìntì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ìnáwó ní Àbújá. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni àfikún N32,000 sórí owó ìfẹ̀yìntì, àti pé kí wọ́n dá owó tí wọ́n yọ lára owó àwọn tí dókítà ológun ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ padà fún wọn. Abala 173 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ni wọ́n lè dúró lé. Ó sọ pé a kò gbọdọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró, a kò sì gbọdọ̀ yí i padà sí ìpalára rẹ̀, àyàfi ibi tí òfin bá fàyè gbà. Ó sì ní kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣe, èyí tí ó bá yá jù. Àwọn ológun wà lára òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gẹ́gẹ́ bí abala 318. "Àyàfi" yẹn kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí ihò ni, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí a mọ̀ pé ògiri wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun tí ìjọba ti ṣe ti tán, ẹ sọ ìtàn Faransé fún un. Àwọn ọmọ Dahomey, níbi tí àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà, àti ọmọ Tógò àti Sẹ̀nẹ̀gà, bá Faransé jagun. Ní oṣù kejìlá 1959, Faransé ṣe òfin kan tí ó mú kí owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìpalára àwọn ológun ilẹ̀ tí ó gba òmìnira dì sójú kan, bí epo ti í dì nínú ìgò nígbà ọyẹ́. Láti 1961 lọ ni ó ń kan wọn, orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn òmíràn. Ti ọmọ Faransé ń gòkè, tiwọn dúró. Ní 2006, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ẹni tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara pátápátá ń gba 690 yúrò lóṣù bí ó bá jẹ́ ọmọ Faransé, 230 bí ó bá jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, 61 bí ó bá jẹ́ ọmọ Tùnísíà.

Wọn kò dákẹ́. Ológun ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà 743 gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àjọ àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì dá wọn láre ní 1989. Ní 2001, ilé ẹjọ́ ìjọba gíga jù ní Paris dá ẹjọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún Amadou Diop. Faransé fi kún owó ìpalára láti 2007, ìgbìmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè wọn fagi lé ìyàtọ̀ náà ní oṣù karùn-ún 2010, ó sì di 2011 kí gbogbo rẹ̀ tó dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn tí ó kù gbà á.

Ní Ìlọrin, ẹ lè lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì, tí a ń pè ní Legion tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì Public Complaints Commission wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ẹ̀sùn. Legal Aid Council náà ń ran ẹni tí kò lówó lọ́yà lọ́wọ́.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé gbogbo ológun tó farapa ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ọwọ́ ta ni káàdì wà, nọ́ńbà ta ni báńkì ń pè, ta ni yóò gbé e lọ bí wọ́n bá pè é fún àyẹ̀wò. Kí àwọn tí ọkọ wọn ní mọ́tò sọ fún akọ̀wé kí ìpàdé tó parí.